Àwọn Tó Pàtẹ́wọ́ fún Bàbá Lẹ́tà

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìgbúròó mi. Ṣé orúnkún ń gbà yín láàyè láti jáde? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì kò tíì fi abẹ́rẹ́ lé yín kúrò nílé? Èmi wà dáadáa, àfi òtútù tó fẹ́ bó mi láwọ. Mo ì bá pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ ti ní ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé ká sápò kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní n kì í kọ̀wé àfi tí mo bá fẹ́ nǹkan. Òótọ́ ni, mo fẹ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, torí mo gbọ́ pé ẹ̀ ń sọ fún àwọn èèyàn pé àga ni mò ń tò. Àwọn ará ibí máa ń ṣèpàdé nínú ayé kan tí kò sí lórí ilẹ̀. Èèyàn á de awò ńlá kan mọ́jú, á sì bá ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, nínú ara àyálò tí a yàn fún un. Ẹni tó wà ní òpin ayé kejì á jókòó tì í. Iṣẹ́ tèmi ni láti múra wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Mò ń kọ́ àwọn tó wá jókòó bí wọ́n ṣe ń wọlé láìgba inú ògiri kọjá. Mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń dúró, ibi tí wọn yóò wò, bí wọ́n ṣe ń ṣí ohùn àti bí wọ́n ṣe ń tì í. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ńlá ló ti gbọ̀n bí ọmọdé lọ́wọ́ mi.

Lóṣù karùn-ún, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àṣà ilé iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bí èèyàn ni yóò dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo wọn. Màmá kò sí mọ́. Ẹ̀yin ló kù. Mo ti di awò náà pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rán ẹlòmíràn.

Ọmọ yín,
Kògbélé


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Kògbélé,

Lẹ́tà rẹ dé. Òǹtẹ̀ ara rẹ̀ fi hàn pé ó sùn pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìgbín ló bí àwọn tó ń kó lẹ́tà kiri báyìí. Nígbà tèmi, bí òjò ń rọ̀, bí ajá ń gbó, lẹ́tà á dé ẹnu ọ̀nà oní-lẹ́tà. Mo kí ọ, o kú iṣẹ́, o kú àìwálé. Orúnkún mi wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, àbí? Mo kà á, mo tún un kà, mo tún ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ kà á sí mi létí. Ò ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí àga tí kò sí. Mi ò mọ̀ pé mò ń pọ́n ọ lé ni nígbà tí mo ń sọ fáráyé pé àga lò ń tò. Ẹni tó bá jókòó lé àga tèmi yẹn, ìdí rẹ̀ á balẹ̀.

N ó wá sọ̀rọ̀ náà. Ta ni yóò bá mi sọ ọ́? Ẹ ṣáà ti gbé ẹnu lé mi lọ́wọ́. N ó sọ bí o ṣe ń tọ̀ sílé títí irùngbọ̀n fi fẹ́ máa yọ. N ó sọ bí o ṣe sá kúrò lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà torí pé òòlù wúwo. N ó sọ bí o ṣe sin ìyá rẹ láti inú fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó o ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, pé o kò rí pósí náà dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ olórí.

Awò rẹ wúwo bí orí ọ̀lẹ. Mo ti gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá rẹ,
Bàbá Lẹ́tà


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín púpọ̀. Lẹ́tà yín dé, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi ọ̀rọ̀ Màmá, ẹ̀rín náà sì kú sí mi lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ìyẹn wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ó ṣe ṣe ìdánrawò. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, lẹ́yìn ìjẹun ọ̀sán, ẹ jókòó sórí àga tó ní apá. Ẹ̀gbọ́n mi á de awò náà mọ́ yín lójú, á sì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ ó rí gbọ̀ngàn kan, ẹ ó rí mi. Ẹ má sáré. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, iná kékeré kan á tàn nísàlẹ̀ ojú yín. Ìyẹn ni pé ohùn yín ti ṣí. Bí iná kò bá tàn, ẹnu yín kàn ń mì ni, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ yín.

Ohun kan tún kù. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú fún wa, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá mi kọ tiyín, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Kògbélé


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Kògbélé,

Kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti bọ́ sínú ayé rẹ, mo sì ti jáde níbẹ̀ láàyè.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wá ni ẹsẹ̀ mi. Mi ò rí i. Mo pariwo pe ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ní kò séwu, pé ibi ìbàdí ni ara àyálò parí sí. Mo ní ẹni tó bá yá èèyàn ní ara, ó yẹ kó yá a dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jókòó ní gbọ̀ngàn, mo kí wọn láti ìlà dé ìlà bí ọmọlúwàbí, kò sí èyí tó dáhùn. Ìgbà tí mo ti bú wọn tán lo wá sọ fún mi pé àwọn tó ṣófo ni, pé ẹ kàn máa ń tò wọ́n síbẹ̀ kí ojú má baà ti ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó o ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà mo rí ọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó o fi wò mí yẹn, mi ò mọ ẹni tó ni ín. Ó dán jù. Bí o ṣe ń tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ni mo fi mọ̀ pé ọmọ mi ni. Mo fẹ́ bi ọ́ bóo ni, bóyá o ń jẹun. O pè mí ní "ẹ̀yin olùsọ̀rọ̀ wa", o ní àkókò ti lọ, pé ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ awò náà, mo gbé e padà sórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti ìwé tó o ní kí n kọ fún ìyẹ̀wò, n kò kọ ọ́. O rántí Ẹlẹ́sẹ̀-Òjò, tí a jọ ń pín lẹ́tà? Bí òjò bá ti ṣú, kànga àpatì kan ni ó máa ń da lẹ́tà sí, á sì lọ sùn. Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga náà, a bá ìwé ìgbéyàwó níbẹ̀, a bá ìwé ikú, a bá lẹ́tà tí ọmọ kan fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tó ti kú. Èmi ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọ̀rẹ́ mi ni, mi ò sì kí i mọ́ títí ó fi wọlẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn, ọmọ mi. A kì í ṣí lẹ́tà lójú ọ̀nà. O ó gbọ́ ohun tí mo ní lọ́jọ́ tó bá dé etí rẹ.

Bàbá Lẹ́tà


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò ní fà á gùn.

Nígbà tí Màmá kú, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ẹ mọ èyí, mo ti kọ ọ́ sí yín nígbà náà. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ọ̀gá mi fún mi láàyè láti lọ sin ín, mo sì sọ fún un nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ pé mo lọ, pé ọwọ́ mi ni mo fi bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Inú yàrá mi ni mo wà. Gbogbo wọn níbí ló gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dìde lọ́jọ́ náà, tí ẹ ní fóònù ni mo fi sin ìyá mi, òpùrọ́ ni mo dà lójú wọn, iṣẹ́ náà sì ti lọ nìyẹn.

Ẹ sọ pé mo jẹ́ ọmọ dáadáa, pé mo jára mọ́ṣẹ́, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ kò wá mọ́.

Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi gbé ọ̀rọ̀ rere dé ẹnu ọ̀nà àwọn tí kò bá yín tan. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹ gbé ẹyọ kan wá fún mi.

Kògbélé


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Kògbélé,

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mo tún ka ìparí rẹ̀.

Irọ́ tó o pa, ìwọ lo mọ bó o ṣe máa gbé e. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tìrẹ ti balẹ̀.

N ó wá. Ohun tí mo bá ní í sọ ni n ó sọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

O kú oríire. Orí ìyá rẹ kò sùn.

Mo sọ ọ́ tán. Mo wọ agbádá mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ń rẹ́rìn-ín pé wọn ò ní rí i, mo ní èmi mọ̀ pé mo wọ̀ ọ́. Mo ní kó jáde kúrò ní yàrá. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí o ṣe kọ́ mi. Mi ò rí iná kékeré tó o wí, ṣùgbọ́n ojú mi náà ti ń di ti àgbà, mo gbà pé ó ti tàn. Mo sì la ẹnu.

Ṣé o rò pé n ó dárúkọ fóònù yẹn? Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń bá ọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ lo sọ ọ́ di ìjà. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ti wà ní ikùn mi láti ìgbà tó o ti ń lọ sílé ìwé. Bí mo bá ti rí ọ lójúkojú, èébú ló máa ń ṣáájú rẹ̀ jáde. Bóyá nítorí pé ara àyálò kò mọ ìtìjú ni. Nígbà tí mo parí, àwọn èèyàn yẹn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọn kò dákẹ́. Mo rí obìnrin kan níwájú tó ń nu ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní nígbà tí mo jáde, ara mi fúyẹ́ bí ọmọ tuntun. O ní mi ò gbé ẹyọ kan wá fún ọ rí. Mo ti gbé e dé báyìí.

Ìbéèrè tí mo bi ọ́ ní ìparí ńkọ́? Mo rí i pé o mi orí, o tún un mì. Ṣùgbọ́n orí mímì kì í ṣe ìwé. Kọ ọ́ fún mi: ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Bàbá rẹ tó ń yọ̀


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà mi. Wọ́n ti fi mí jẹ olórí náà. Ọ̀rọ̀ yín ni gbogbo wọn ń sọ níbí, ọ̀gá mi obìnrin ní òun yóò kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fúnra òun. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, ó ní dandan ni.

Lórí ohun tí ẹ béèrè, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe wí i ni yóò rí. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Ọmọ yín,
Kògbélé


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, Gbélé ni n ó máa pè ọ́ báyìí,

Lẹ́tà rẹ dé, mo fi han gbogbo àdúgbò. Kì í ṣe pé mo ń jó, ṣùgbọ́n orúnkún mi gbọ́ nǹkan kan.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, mi ò jẹ́ kí wọ́n dí igun ẹsẹ̀ sàréè náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ bínú, ó ní òjò ń wọbẹ̀. Mo ní ó di ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá kan án. Bí mo ṣe bi ọ́ léèrè níwájú wọn pé ṣé wàá wálé wá fi ọwọ́ ara rẹ dí i, tó o sì gbà, mo ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Sátidé kejì oṣù keje tí mo dá lọ́jọ́ náà kò yẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ní èyí tó wà níbẹ̀ kò gba gígùn rẹ mọ́. Má wulẹ̀ sọ ọkọ̀ tó o máa wọ̀. N ó ti wà ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀.

Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó o pẹ́, mo mọ̀. Bó o bá dí i tán, kó o lọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò lè wá. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́ náà, àfi ìparí rẹ̀ tí ariwo gbé lọ. Orí tí ẹ rí tó mì, kì í ṣe èmi ni mo mì ín. Bí ẹni tó ni ara àyálò bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ara náà á máa mi orí fúnra rẹ̀, kó má baà dà bí òkú. Mo gbàgbé láti sọ èyí fún yín nígbà ìdánrawò. Mo rò pé ìbùkún lẹ fẹ́ kí n gbà ni mo ṣe ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí, n kò lè kúrò ní oṣù yìí. Ṣùgbọ́n mo ti ro ọ̀nà kan. Kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ ayàwòrán lọ sí ẹ̀gbẹ́ sàréè. N ó kọ́ bíríkìlà náà bí yóò ṣe dúró, n ó kọ́ gbogbo yín. N ó wà níbẹ̀ nínú awò, n ó na ọwọ́, bíríkìlà á sì máa ṣe bí mo bá ti ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ń ṣe irú rẹ̀ báyìí, inú wọn sì máa ń dùn sí i.

Ẹ má bínú.

Kògbélé


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù keje

Sí olórí àwọn tó ń múra èèyàn sílẹ̀,

Lẹ́tà rẹ dé nígbà tí Sátidé ti kọjá. Mo lọ sí ibùdókọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó wọlé ni mo dìde fún. Bíríkìlà po sìmẹ́ńtì, ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ dí i, mo ní kó dúró, pé ọmọ mi kọ̀wé pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo padà dé itẹ́ òkú, sìmẹ́ńtì náà ti le mọ́ inú páànù. Òòlù ló fi fọ́ ọ jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ di ọwọ́ mi mú wálé bí ẹni mú afọ́jú.

Mo ì bá dárí ìyẹn jì ọ́. Òjò lè dá ọkọ̀ dúró, iṣẹ́ lè dá èèyàn dúró. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀gá rẹ bá tìrẹ dé lọ́jọ́ kan náà. Ìwé rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní: "A kí yín fún ìgboyà yín. Ọmọ yín ti sọ fún wa pé ohùn yín ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, pé ẹ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀ ẹ dìde dúró fún un, ẹnu yín ń mì láìsí ohùn. Kò sí ẹni tí kò sunkún nínú wa."

Ó fi fídíò ọjọ́ náà há inú lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e sí tẹlifíṣọ̀n. Mo rí ara mi níbẹ̀, mò ń la ẹnu, mò ń pa á dé, mò ń na ọwọ́ sí ọ, kò sí ohùn kankan. Lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ dún tó fẹ́ ya ilé. Iná kékeré yẹn kò tàn rárá. Ojú mi dára ju bí mo ṣe rò lọ.

Odi lo pè mí. O di ẹnu bàbá rẹ, o sì jókòó síwájú rẹ̀, ò ń mi orí.

Ẹlẹ́sẹ̀-Òjò ì bá ní òjò ló lé òun. Ìwọ, ọjọ́ mọ́lẹ̀ kedere, o sì da lẹ́tà sí kànga.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n ṣe. Ohun gbogbo tí ẹ kọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi ni mo ti ohùn yín. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi tì í. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ halẹ̀ mọ́ mi, Bàbá mi, ẹ̀yin náà lẹ fi ọ̀rọ̀ Màmá ṣe ẹ̀fẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sá fún ẹnu yín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n dúró gbọ́ ọ ni mo dí i.

Mo wo fídíò náà títí. Mò ń wo ètè ara àyálò náà bóyá n ó rí ọ̀rọ̀ kan mú níbẹ̀. Èmi ni mo yan ètè yẹn fún yín, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń pè bákan náà. Mo rí ibì kan tí ẹ fi ọwọ́ lé àyà. Kí lẹ sọ níbẹ̀? Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, kò dáhùn.

N kò béèrè àforíjì. Ẹ ṣáà kọ ọ́ fún mi, bó jẹ́ ìlà kan. Ẹ ti ní ẹ gbé e wá fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, kí lẹ gbé wá?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Kògbélé,

Lẹ́tà rẹ dé, ó pẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó dáhùn. Ara mi le.

Bíríkìlà ti dí igun yẹn. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ló kan án. Òjò kò wọ ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Má dà á láàmú. Mo ti ní kó ṣe é bíi lẹ́tà ẹlẹ́tà, ọmọ akólẹ́tà sì ni. Awò rẹ wà nínú páálí, wọn yóò gbé e fún ọ. Bó o bá tún kọ̀wé, n ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. N kò ní ṣí i.

O ní kí lohun tí mo sọ. Mo ti sọ ọ́, ọmọ mi, mo sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú, odi kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ni kó o lọ bi.

Bàbá Lẹ́tà